Yamaha DT125, XTZ125, AG200 àti Honda CRF300L lójú ọ̀nà oko: èwo ló yẹ kí a fi owó wa rà?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń ra alùpùpù fún ọ̀nà oko kì í béèrè ju ohun méjì lọ: iye tí wọ́n ń tà á àti bí ó ṣe ń sáré tó. Ìbéèrè kejì yẹn kò wúlò púpọ̀. Lójú ọ̀nà tó gba ẹ̀yìn òkè Àdó-Àwáyé lọ sí àwọn abúlé agbègbè Ìsẹ́yìn, tàbí láàárín àwọn oko kòkó tó yí Ìdànrè ká, kò pẹ́ tí ènìyàn bá ti ń sáré kí òkúta, yanrìn tàbí ẹrẹ̀ tó dá a dúró. Ohun tí alùpùpù ń ṣe nígbà tí ó bá ń rìn díẹ̀díẹ̀, tí apá ti ń ro ẹni tó gùn ún, tí ẹrù sì wà lẹ́yìn rẹ̀, ni ó ń fi hàn bóyá ó yẹ fún oko tàbí kò yẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ohun tí ó ń ṣe lẹ́yìn tó bá ti ṣubú, nítorí kò sí alùpùpù ọ̀nà oko tí kì í ṣubú. Ojú tí mo fi wo gbogbo wọn nìyí, òun náà ni mo sì fi ń ṣe ìdájọ́ tí ẹ máa kà nísàlẹ̀.

Alùpùpù mẹ́rin ni mo gùn: Yamaha DT125, Yamaha XTZ125, Yamaha AG200 àti Honda CRF300L. Mo yan àwọn wọ̀nyí nítorí pé ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbà ń yanjú ìṣòro kan náà, ìyẹn bí ènìyàn ṣe lè gun ohun ẹlẹ́sẹ̀ méjì kọjá lórí ilẹ̀ tí kò tẹ́jú láìpa ara rẹ̀ lára. Ọ̀nà kan náà ni mo gbé gbogbo wọn gbà. Mo gùn wọ́n láìdi ẹrù, mo sì tún di àpò àgbàdo mọ́ ẹ̀yìn wọn, kí ó lè jọ ohun tí àgbẹ̀ tàbí òṣìṣẹ́ àjẹsára máa ń gbé. Táyà eléyín ńláńlá ni mo rí i dájú pé ó wà lẹ́sẹ̀ gbogbo wọn, mo sì dín afẹ́fẹ́ inú táyà kù bákan náà, nítorí pé ẹni tó bá fi alùpùpù tó wọ táyà títì wé èyí tó wọ táyà oko kò tíì ṣe ìfiwéra kankan, táyà lásán ló ń fi wéra.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ bọ̀wọ̀ fún Bajaj Boxer, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí lára àwọn tí mò ń wò. Òun ló ń gbé iṣu, pákí, epo pupa àti aboyún kúrò lóko bọ̀ sí ìlú kárí ilẹ̀ wa. Kò sí abúlé tí mẹkáníìkì rẹ̀ kò sí, kò sì sí ọjà tí wọn kì í ti í ta ẹ̀yà ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n alùpùpù títì ni wọ́n ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀. Táyà rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 17 níwájú àti lẹ́yìn, fọ́ọ̀kì rẹ̀ kò lè wọlé jìnnà, sàlẹ́ńsà rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ níbi tí òkúta ti lè kàn án. Ọgbọ́n àti ìgboyà ọlọ́kadà ló ń gbé e kọjá ibi tó ń kọjá. Nítorí náà, alùpùpù ọ̀nà oko tí a bá fẹ́ ná owó tó ju ti Boxer lọ lé lórí gbọ́dọ̀ ṣe ohun tí Boxer kò lè ṣe, tàbí kí ó ṣe ohun tí Boxer ń ṣe láìjẹ́ pé ẹ̀yìn ń dun ẹni tó gùn ún tó bá dé ilé.

Ohun tó kọ́kọ́ ya àwọn tí mo gùn sọ́tọ̀ kúrò lára Boxer ni ẹsẹ̀ iwájú. Táyà íǹṣì 21 ló wà níwájú DT125, XTZ125 àti CRF300L, tí íǹṣì 18 sì wà lẹ́yìn. Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ kò ṣòro: bí ẹsẹ̀ bá ti tóbi tó ni òkúta tàbí kòtò ṣe ń kéré sí i lójú rẹ̀, nítorí pé ẹsẹ̀ ńlá máa ń gun orí òkúta láti ẹ̀gbẹ́ tó dà gẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kékeré máa ń lọ forí sọ ọ́. Ẹsẹ̀ tóóró tó ga yìí tún máa ń gé ẹrẹ̀ wọlé títí yóò fi dé ilẹ̀ líle nísàlẹ̀. Rímù onísípókù tún wà níbẹ̀, tó lè tẹ̀ díẹ̀ kí mẹkáníìkì sì tún un nà, yàtọ̀ sí rímù alápapọ̀ tó máa ń là pátápátá bó bá kàn òkúta. Ẹ wo ibi ìtẹsẹ̀ pẹ̀lú: ó yẹ kí ó ní eyín, kí ó sì fẹ̀, torí pé ìdúró ni a máa ń dúró gun alùpùpù kọjá ibi tó bá rí págunpàgun, kí orúnkún wa lè ṣe iṣẹ́ tí ṣọ́ọ̀kù kò lè dá ṣe.

Kí a mú DT125 ṣáájú, òun ló dàgbà jù nínú wọn. Ní ọdún 1968 ni Yamaha bẹ̀rẹ̀ sí í ta DT-1, alùpùpù 250cc tó sọ orúkọ ilé iṣẹ́ náà di ohun tí àwọn tó ń gun ọ̀nà oko mọ̀, ìdílé yẹn sì ni DT125 ti wá. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ jẹ́ 123cc, tú-sìtíróòkù ni, ìyẹn irú tó ń jó ọ́ìlì pọ̀ mọ́ epo, afẹ́fẹ́ ló ń mú un tutù, jíà mẹ́fà ló ní, ẹsẹ̀ ni a sì fi ń ta á. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti ti àjọ aláàánú ti gùn ún fún ọ̀pọ̀ ọdún káàkiri Áfíríkà, ìdí nìyí tí ẹ fi lè rí àlòkù rẹ̀ lónìí ní àwọn ilé iṣẹ́ ètò ọ̀gbìn tàbí nígbà tí wọ́n bá ń ta ẹrù ìjọba ní gbàǹjo.

Kò sí èyí tó fúyẹ́ bí i rẹ̀ lọ́wọ́ nínú àwọn tí mo gùn. Láàárín àwọn àpáta ẹ̀yìn Àdó-Àwáyé, níbi tí ọ̀nà ti máa ń ṣẹ́ kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ojú lásán ni ènìyàn fi ń darí rẹ̀. Ibi tí ẹ bá wò ló ń lọ. Nígbà tó ṣubú, ọwọ́ méjì àti ìtẹ̀síwájú kan ti tó láti gbé e dìde. Bí ẹ bá fún un ní epo, kọ́kọ́ ni yóò dà bí ẹni pé kò gbọ́, lẹ́yìn náà ni agbára rẹ̀ yóò dé lójijì. Lórí ilẹ̀ gbígbẹ, èyí dùn mọ́ ènìyàn gan-an. Nínú ẹrẹ̀ Ìdànrè, ó jẹ́ wàhálà, torí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn máa ń yí lásán nígbà tí agbára bá dé, tí yóò sì gbẹ́ kòtò fún ara rẹ̀. Mo ní láti máa fi kílọ́ṣì ṣeré ní gbogbo ìgbà, ìka ọwọ́ òsì mi sì mọ̀ ọ́n lára.

Ohun mìíràn wà tí àwọn tó ti mọ́ Boxer lára kò ní retí. Tí ẹ bá dẹwọ́ epo lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ́ńjìnì fọ́ọ̀ sìtíróòkù, irú ti Boxer, máa ń fa alùpùpù sẹ́yìn, ó máa ń dín ìsáré rẹ̀ kù. Ẹ́ńjìnì DT kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Bírékì nìkan ló kù, orí ilẹ̀ tó ń yọ̀ sì ni ẹ wà. Ẹni tó bá máa gùn ún sọ̀kalẹ̀ òkè gbọ́dọ̀ kọ́ bí a ṣe ń fi bírékì ẹ̀yìn ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Ẹ tún rántí ọ́ìlì. Yamaha fi pọ́ọ̀ǹpù kan sí i tí wọ́n ń pè ní Autolube, tó ń fa ọ́ìlì láti inú táǹkì rẹ̀ tó sì ń pò ó mọ́ epo bó ṣe yẹ, nítorí náà ẹ kò ní láti máa fi ìgò wọn ọ́ìlì. Ṣùgbọ́n tí táǹkì ọ́ìlì yẹn bá gbẹ, písítìnnì yóò gan mọ́ inú sílíńdà láìpẹ́, tí ọ́ìlì ayédèrú bá sì wọ inú rẹ̀, púlọ́ọ̀gì yóò máa dí. Oore tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ́ńjìnì náà kò ní fáfù, kò ní kamúṣáfù. Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ lè ṣí orí rẹ̀ lábẹ́ igi, kí ó pààrọ̀ písítìnnì àti ríìngì rẹ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú.

Mo fẹ́ràn DT125. N kò lè gba ẹni tó ń fi ìrìn àjò jẹun nímọ̀ràn pé kí ó rà á mọ́, àyàfi bí ó bá rí èyí tó ṣì dára gan-an tó sì ní ibi tí yóò ti máa ra ọ́ìlì tòótọ́. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, alùpùpù tó ń mu epo tó tún ń jó ọ́ìlì mọ́ ọn ti di ẹrù lórí àpò ẹni tó ni í.

XTZ125 ni mo lo àkókò mi jù lé lórí, nítorí pé òun ni mo rò pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tó ń ka èyí yóò lè rà. Tí ẹ bá kọ́kọ́ rí i, ó lè dà bí ẹni pé ó kéré jù fún iṣẹ́: ẹ́ńjìnì 124cc, fọ́ọ̀ sìtíróòkù, jíà márùn-ún. Fífẹ̀ ihò sílíńdà àti ìrìn písítìnnì rẹ̀ jẹ́ ọgbọọgba, mìlímítà 54 sí 54, èyí ló sì jẹ́ kí agbára rẹ̀ máa jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láti ìsàlẹ̀ láìsí ìjàgbà kankan. Ìjókòó rẹ̀ ga tó mìlímítà 840, ìyẹn ni pé ẹni tí kò ga púpọ̀ lè fi ẹsẹ̀ kan kanlẹ̀ dáadáa. Táǹkì rẹ̀ ń gba bíi lítà 11. Ó ní bọ́tìnnì ìtanná, èyí tí mo gùn sì ní kíkì pẹ̀lú, tó túmọ̀ sí pé bátìrì tó kú sínú oko kò ní sọ yín di ẹlẹ́sẹ̀. Bírékì díísìkì wà níwájú èyí tí mo gùn, ti onídúrọ́ọ̀mù sì wà lẹ́yìn.

Lórí yanrìn tí òjò ti gbá jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà lẹ́yìn Ìsẹ́yìn, ibi tí Boxer ti máa ń fẹ́ dojú dé, XTZ kàn ń mirí díẹ̀ ni, ó ń bá tirẹ̀ lọ, bí mo bá ṣáà ti gbé ara mi sẹ́yìn tí mo sì ń fún un ní epo déédéé. Lórí ilẹ̀ pupa tí ọkọ̀ ńlá ti tẹ̀ di ìgbì-ìgbì, ṣọ́ọ̀kù rẹ̀ rọ̀ tó láti má jẹ́ kí eyín ẹni máa pa ara wọn. Nínú ẹrẹ̀ kòkó Ìdànrè, níbi tí DT ti ń gbẹ́ kòtò, XTZ ń rọra fà, ó ń fà, títí ó fi jáde. Kò yá, ṣùgbọ́n kì í duró. Níbi gan-an ni mo ti rí i pé agbára kékeré tó ṣe é fọkàn tán sàn ju agbára ńlá tó ń dé lójijì lọ fún ẹni tí kò tíì mọ alùpùpù gùn bí ẹni tó ń dije.

Ibi tí ó ti kùnà ni orí òkè pẹ̀lú ẹrù. Nígbà tí mo di àpò àgbàdo mọ́ ọn, tí mo sì kọjú sí òkè kan tó gùn, tó sì ga, jíà kìíní nìkan ló lè gbé mi, tí mo bá sì dẹwọ́ epo láàárín òkè, ó ṣòro láti tún gbéra. Àtúnṣe rẹ̀ kò wọ́n: ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì yọ ṣíprókẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn, kí ó fi èyí tí eyín rẹ̀ fi méjì tàbí mẹ́ta pọ̀ sí i sí i, kí ó sì wo bóyá ṣéènì ṣì gùn tó. Ìsáré rẹ̀ lórí títì yóò dín kù díẹ̀, ṣùgbọ́n jíà kìíní rẹ̀ yóò di ohun tí a lè fi gun ògiri. Ṣọ́ọ̀kù ẹ̀yìn náà kò le tó fún ènìyàn méjì àti ẹrù, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni lò ó bí ọ̀kadà. Ènìyàn kan àti ẹrù rẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún.

AG200 jẹ́ irú mìíràn pátápátá. Ẹni tó bá rí i fún ìgbà àkọ́kọ́ yóò rò pé wọ́n gbàgbé láti ṣe é lẹ́wà. Yamaha ṣe é fún àwọn àgbẹ̀ àti àwọn tó ń da ẹran ní ilẹ̀ bíi Ọsirélíà àti New Zealand, gbogbo ohun tó wà lára rẹ̀ ló sì ń dáhùn sí ìṣòro tí àgbẹ̀ gidi ti ní rí. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ jẹ́ 196cc, fọ́ọ̀ sìtíróòkù, afẹ́fẹ́ ló ń mú un tutù, jíà márùn-ún, bọ́tìnnì àti kíkì.

Ẹ wo ṣéènì rẹ̀. Inú àpótí tó bò ó yíká ni ó wà, yanrìn kò rí i, ẹrẹ̀ kò rí i, koríko kò lè wé mọ́ ọn. Ẹni tó bá ti gun alùpùpù ní Òkè-Ògùn nígbà ọyẹ́ mọ bí eruku ṣe máa ń po mọ́ gírísì lórí ṣéènì tí yóò sì máa jẹ eyín ṣíprókẹ́ẹ̀tì bí ayùn. Àpótí yìí fi òpin sí i. Ẹsẹ̀ ìdúró rẹ̀ jẹ́ méjì, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, kí ẹ lè gbé e dúró lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láìka ẹ̀gbẹ́ tí ilẹ̀ bá dà sí sí. Ibi ìgbẹ́rù wà níwájú àti lẹ́yìn. Ó ní ohun kékeré kan lọ́wọ́ òsì tí a fi ń ti kílọ́ṣì mọ́lẹ̀, kí ẹ lè sọ̀kalẹ̀, kí ẹ gbé igi tó dí ọ̀nà kúrò tàbí kí ẹ ṣí ilẹ̀kùn ọgbà, nígbà tí ẹ́ńjìnì ṣì ń ṣiṣẹ́ tí jíà sì wà nínú rẹ̀. N kò mọyì ohun yìí títí mo fi bá igi tó wó dínà pàdé láàárín oko kòkó. Irin sì wà lára ọwọ́ rẹ̀ tó ń dáàbò bo ọwọ́ ẹni àti ọwọ́ bírékì nígbà tó bá ṣubú. Ọwọ́ bírékì tó ṣẹ́ nínú oko tó jìnnà lè ba gbogbo ọjọ́ jẹ́.

Láti gùn ún ńkọ́? Kò dùn bí XTZ, kí n má parọ́. Ó wúwo níwájú nígbà tí ẹrù bá wà lórí ibi ìgbẹ́rù iwájú, fọ́ọ̀kì rẹ̀ sì máa ń wọlé tán bí ẹ bá sáré kọjá kòtò. Bírékì onídúrọ́ọ̀mù ló ní níwájú àti lẹ́yìn. Ẹrẹ̀ kì í tètè bà á jẹ́, ṣùgbọ́n tí ẹ bá gba inú odò kọjá, ẹ gbọ́dọ̀ tẹ bírékì pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́ lójú ọ̀nà títí omi inú rẹ̀ yóò fi gbẹ, kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e. Jíà kìíní rẹ̀ kúrú débi pé ó lè máa tẹ̀ lé ènìyàn tó ń fẹsẹ̀ rìn, ẹ́ńjìnì rẹ̀ kò sì bínú. Lórí òkè tó dá XTZ dúró, AG200 tó di àpò àgbàdo kan náà gùn ún lọ sókè láìsí pé mo ní láti ronú nípa rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ètò ọ̀gbìn, ẹni tó ń gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ sí abúlé, tàbí àgbẹ̀ tó ní oko mẹ́ta níbi tó jìnnà síra, kò gbọdọ̀ wo ẹwà. Èyí gan-an ni kí ó máa wá.

Honda CRF300L ni tuntun láàárín wọn, òun ló sì wọ́n jù. Wọ́n gbé e jáde gẹ́gẹ́ bí alùpùpù ọdún 2021 láti rọ́pò CRF250L. Ẹ́ńjìnì 286cc ni, omi ló ń mú un tutù, agbára ẹṣin 27 ló ní, jíà rẹ̀ jẹ́ mẹ́fà, kílọ́ṣì rẹ̀ sì fúyẹ́ débi pé ìka kan ti tó láti fà á. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ kìlógíráàmù 142 pẹ̀lú epo nínú rẹ̀, èyí tó fi kìlógíráàmù 4 fúyẹ́ ju 250 tó rọ́pò. Fọ́ọ̀kì rẹ̀ lè wọlé tó mìlímítà 260, àlàfo tó wà láàárín ikùn rẹ̀ àti ilẹ̀ sì jẹ́ mìlímítà 285. Kò sí èyí tó lè kọjá lórí òkúta bí i rẹ̀ nínú àwọn tí mo gùn. Lójú títì Ìbàdàn sí Ìsẹ́yìn, òun nìkan ni ọkàn mi balẹ̀ lórí rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù ń kọjá, torí agbára rẹ̀ tó láti yà wọ́n sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìjókòó rẹ̀ ga tó mìlímítà 880. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, èyí kò jẹ́ nǹkan kan fún ẹni tó ga. Lórí òkúta tó yọ̀, nígbà tí ẹ bá fẹ́ fi ẹsẹ̀ kanlẹ̀ tí ilẹ̀ sì sá fún ẹsẹ̀ yín, kìlógíráàmù 142 yẹn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú, kò sì sí apá tó lè dá a dúró. Gbígbé e dìde lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ jẹ́ iṣẹ́ ènìyàn méjì. Ṣọ́ọ̀kù rẹ̀ rọ̀ fún ẹni tó bá sanra tàbí tó bá di ẹrù. Orí yanrìn ló dára sí, ṣùgbọ́n tí ẹ bá sáré wọ kòtò pẹ̀lú ẹrù, yóò kanlẹ̀. Rédíétọ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí náà ẹni tó bá rà á gbọ́dọ̀ ra irin tó máa dáàbò bò ó kí ó tó wọ igbó rárá. Bírékì rẹ̀ ní ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà há, Honda sì fi bọ́tìnnì sí i tí a lè fi pa ti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ẹ pa á kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ òkè oníyẹ̀pẹ̀, nítorí pé lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, táyà tó há díẹ̀ tó sì ń wọ́ yẹ̀pẹ̀ jọ síwájú ara rẹ̀ máa ń dá alùpùpù dúró ju èyí tí ẹ̀rọ ń tú sílẹ̀ léraléra lọ.

Táǹkì rẹ̀ kò gbà ju lítà 7.8 lọ. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ kò ya ọ̀mu, ó lè rìn ju 200 kìlómítà lórí epo yẹn, ṣùgbọ́n ní agbègbè tí ilé epo ti lè wà ní títìpa fún ọ̀sẹ̀ kan, mo fẹ́ràn lítà 11 ti XTZ ju ìyẹn lọ. Epo inú jálá ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà náà ń kọ́? Ẹ̀rọ tó ń fín epo sínú ẹ́ńjìnì CRF kò fẹ́ràn omi àti ìdọ̀tí. Kábúrétọ̀ àwọn yòókù lè dí bákan náà, àmọ́ ṣúkúrúdíráfà àti bẹntiróòlù díẹ̀ ti tó láti fọ̀ ọ́. Tí ohun kan bá bàjẹ́ nínú ẹ̀rọ iná CRF, mẹkáníìkì abúlé kò ní rí ojú rẹ̀, Èkó ni ẹ óò gbé e lọ.

Bí a ti mẹ́nu ba Èkó, òfin ìrìnnà ìpínlẹ̀ náà ti ọdún 2012 fi ìyàtọ̀ sí alùpùpù tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ kò tó 200cc àti èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ti àwọn ojú pópó ńlá àti afárá. 196cc ni ti AG200. Cc mẹ́rin péré ló fi kùnà. Ẹni tó ń gbé Èkó, tó sì fẹ́ máa gun alùpùpù rẹ̀ jáde lópin ọ̀sẹ̀ lọ sí Ìdànrè tàbí Òkè-Ògùn, CRF300L nìkan ló lè gùn kúrò nílé nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí. Àwọn yòókù, inú ọkọ̀ ni kí ó gbé wọn sí.

Ọ̀rọ̀ eruku kan gbogbo wọn. Nígbà ọyẹ́, fíltà afẹ́fẹ́ lè dí láàárín ọjọ́ díẹ̀, ẹ́ńjìnì tó bá sì ń mí eruku yóò jẹ ríìngì àti sílíńdà rẹ̀ láìpariwo. Ẹ ṣí fíltà, tó bá jẹ́ fóòmù ẹ fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ, ẹ fi ọ́ìlì fíltà pa á, kí ẹ tó dá a padà. Ti DT àti AG yá láti ṣí. Ẹ má gbàgbé pé iṣẹ́ yìí ló ń pinnu bí ẹ́ńjìnì yóò ṣe pẹ́ tó ju orúkọ ilé iṣẹ́ tó wà lára táǹkì lọ.

Tó bá jẹ́ owó ara mi ni mo fẹ́ ná, fún ìlò ara mi, XTZ125 ni mo máa rà, pẹ̀lú ṣíprókẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn tó tóbi sí i àti irin tó ń dáàbò bo ọwọ́. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ ni mo fẹ́ fi ṣe, tí ẹrù sì wà níbẹ̀ lójoojúmọ́, AG200 ni, n kò sì ní wo ẹ̀yìn. CRF300L wà fún ẹni tó ga, tó lágbára, tó ní ẹnìkejì tí wọ́n jọ ń rìn, tí títì sì pọ̀ nínú ìrìn àjò rẹ̀. DT125 wà fún ẹni tó mọ̀ ọ́n gùn tẹ́lẹ̀.

Tó bá jẹ́ tokunbo ni ẹ fẹ́ rà, ẹ dé ibẹ̀ kí ẹ́ńjìnì tó gbóná, torí alùpùpù tí wọ́n ti tan sílẹ̀ dè yín lè máa fi àìsàn pamọ́. Èéfín tó ní àwọ̀ búlúù láti inú fọ́ọ̀ sìtíróòkù tó ti gbóná túmọ̀ sí pé ó ń jó ọ́ìlì. Ti DT, èéfín díẹ̀ jẹ́ ìwà rẹ̀. Ẹ gbé ẹsẹ̀ iwájú kúrò nílẹ̀, kí ẹ yí ọwọ́ rẹ̀ láti òsì sí ọ̀tún: bó bá há láàárín, bẹ́ríìnì ọrùn rẹ̀ ti lọ. Ẹ fi ìka kàn sípókù kọ̀ọ̀kan, ẹ wo ibi tí wọ́n ti jó irin mọ́ irin lábẹ́ ìjókòó àti lẹ́yìn ọrùn, ẹ bi wọ́n ní ìwé ẹrù tó gba ibodè. Lẹ́yìn náà, ẹ bẹ ẹni tó ń tà á pé kí ó jẹ́ kí ẹ rọra tẹ́ ẹ sórí koríko, lápá òsì àti lápá ọ̀tún, kí ẹ sì dá nìkan gbé e dìde. Tí ẹ kò bá lè gbé e ní àgbàlá rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún un.